Omi Éésì Nínú Ilé Orí Táyà

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló yẹ kó wá láti Èkó wá wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Berlin, ṣùgbọ́n wọn ò fún un ní físà. Ìyàwó mi ló kù. Gesundbrunnen, àdúgbò kan ní Berlin, ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ sí, òun àti ọkọ rẹ̀ nínú yàrá kan ṣoṣo tí oòrùn kì í kúrò níbẹ̀. Ó sunkún sí mi létí lórí fóònù.

"Ọ́ńkù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé ẹsẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣẹ́ ọmọ lọ́rùn."

Ìyàwó mi gbà láti lọ. Ó kàn kìlọ̀ fún mi ni.

"Dádì, ní ọjọ́ orí mi yìí, ooru ti ń ti inú mi wá. Ọjọ́ tí mo bá jí bá ara mi nínú òógùn, ọkọ̀ ojú irin ni mo máa wọ̀ padà sí Hamburg. Ẹ̀yin lẹ máa wẹ ọmọ náà."

Èmi tí mo máa ń gbàdúrà kí n tó gbé ẹyin.

Mo ti ń kan ilé kan lẹ́yìn ilé wa ní Lurup ní Hamburg nígbà náà, ilé onípákó lórí tírélà kékeré tí mọ́tò ń fà. Bẹ́ẹ̀dì kan ló gba inú rẹ̀ tán. Ilé adìyẹ ni ìyàwó mi ń pè é. Inú rẹ̀ la máa sùn ní Berlin, mo bá lọ ra éésì fún un ní St. Georg, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń di ẹrù sínú kọ̀ǹténà lọ sílé. Irú éésì àtijọ́ yẹn ni, tí ìdí rẹ̀ máa ń yọ síta lára ògiri. Ọkùnrin náà ní, "Bàbá, ẹnu Èkó lẹ ti já a gbà yìí o."

Kí n tó fi ayùn kan ògiri tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn, mo wọn ibẹ̀ títí tí ìyàwó mi fi bèèrè bóyá aṣọ ni mo fẹ́ rán fún un.

Éésì yẹ kó fi ìdí rọlẹ̀ díẹ̀ síta, kí omi rẹ̀ lè máa kán síta. Ta ni ò mọ̀? Ta ni éésì ò tíì kán omi sí lórí rí ní Èkó? Ṣùgbọ́n nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Lurup, mo fọ mọ́tò mi níwájú ilé, obìnrin kan sì yọ orí lójú fèrèsé, ó ní omi yẹn ò gbọdọ̀ wọ ilẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí omi bá ti ọwọ́ mi bọ́ sílẹ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wo òkè. Ẹ̀yìn ilé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi la sì fẹ́ gbé tírélà sí, níbi tí Hausmeister, ìyẹn ọkùnrin tó ń bójú tó ilé náà, ti kàn mi orí fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pé ká wá. Mi ò fẹ́ kí omi éésì ba orí tó mì yẹn jẹ́. Mo bá fi pákó wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀ gbé ìdí éésì sókè, mo kọ ojú omi sínú ilé, mo gbé abọ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi ìrọ̀rí. Ọgbọ́n mi nìyẹn.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì tí a dé Berlin, ìyàwó mi wẹ ọmọ. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, ọmọ ké títí, ìyá rẹ̀ mú táwẹ́ẹ̀lì dání, ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sán, a fa wáyà iná wá láti ojú fèrèsé wọn, ìyàwó mi sì dùbúlẹ̀ nínú tírélà.

"Dádì, ilé adìyẹ ti di òtẹ́ẹ̀lì o!"

Nígbà tó yá, mo gòkè lọ jẹun bí ọba. Mi ò tíì bu òkèlè kejì tí mo fi gbọ́ igbe. Abọ́ ti kún, ó ti dànù. Bẹ́ẹ̀dì tutù, ìró ìyàwó mi tutù.

"Ta ló tọ̀ sí mi lẹ́yìn?"

"Omi éésì ni."

"Kí ni omi éésì ń wá nínú ilé? Ṣé inú yàrá ló ń dà sí níbi tí wọ́n ti bí yín?"

Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Hausmeister fún un. Ó wò mí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká gèlè rẹ̀ sínú báàgì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ọmọ léjìká, ó rí báàgì yẹn, ó sì yíjú sí mi.

Mo lọ bá Hausmeister. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn garawa ìdọ̀tí. Gbogbo èdè Jámánì tí mo kọ́ níbi iṣẹ́ sá lọ. Mo nawọ́ sí tírélà, mo fi ìka ṣe bí òjò tó ń rọ̀. Ó wo ojú ọ̀run.

"Nein, nein. Wasser. Klimaanlage." Mo ní kì í ṣe òjò, omi éésì ni.

"Na und?" ló wí. Kí ló wá dé? Ó padà sídìí kẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ fi omi wẹ ìyàwó mi nìyẹn!

Mo yọ pákó kúrò lábẹ́ ìdí éésì, mo fi í gbé iwájú rẹ̀ sókè. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán síta, tó, tó. Síbẹ̀ mo dúró tì í, mo ń wo gbogbo fèrèsé. A sá bẹ́ẹ̀dì sóòrùn. Ìyàwó mi jókòó ti báàgì rẹ̀, kò tíì tú u.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, mo kan ilẹ̀kùn tírélà.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ rọra. Àwọn méjèèjì ti sùn." Ó ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló nà gbalaja síbi tí èmi ń sùn yẹn, ọmọ wà láàárín. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí mi lójú. "Kò sáyè. Ẹ lọ bá ọkọ rẹ̀ sùn lókè. Tó bá dàárọ̀, ẹ bá mi gbé omi gbígbóná sọ̀kalẹ̀. Ibí ni màá ti wẹ̀ ẹ́."

Mo gòkè lọ sínú ooru. Ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti bọ́ra sí ṣòkòtò péńpé. "Ẹ káalẹ́, sà," ló wí, ó sì sún mọ́ ògiri fún mi.