Ìpara Tó Sọ Ìyá Ọkọ Mi Di Ìyá Ìkókó

Ọyẹ́ kò tíì mú dáadáa tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá ọkọ mi méjèèjì ti sán. Ẹja ni wọ́n ń tà ní Ìlàjẹ, létí ọ̀sà Bàrígà. Láti òwúrọ̀ ni ọwọ́ wọn ti ń bá omi iyọ̀, ipẹ́ ẹja àti èéfín ààrò jà. Lójú mi ni wọ́n ṣe mú epìyà kan, tí wọ́n ju ọ̀bẹ sílẹ̀, tí wọ́n sì ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́.

"Àwọn ọmọ ní kí n lọ jókòó sílé," ni wọ́n sọ fún mi. "Ìyàwó mi, bí mi ò bá lè la ẹja mọ́, ta ni mo tún jẹ́?"

Gbogbo ìpara tí mo rà fún wọn ní Onípanu ló ń ta wọ́n. Mo pinnu pé màá fọwọ́ ara mi ṣe é.

Màmá àgbà kan, ọmọ Ọ̀yọ́, ń bá wa gbé ní Abúlé Òkúta. Mo lọ bá wọn. Wọ́n wò mí tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Gbogbo ìwé tó o kà, o ò mọ òrí àti àdí?"

Àdí, epo dúdú tí wọ́n ń yọ lára èkùrọ́, ti wà nínú ìgò wọn. Ní ọ̀sán Sátidé, a gbé abọ́ òrí sórí omi gbígbóná, ó yọ́, a da àdí sí i, mo sì ń rò ó bó ṣe ń tutù.

"Má dúró o!" ni màmá ń pariwo. "Tó o bá dúró, á dì wóróworó bíi yanrìn!"

Nígbà tó ki bí ẹ̀kọ mímu, inú mi dùn bí ọjọ́ tí ìròyìn tí mo kọ kọ́kọ́ jáde lójú ewé kìíní.

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo gbé e fún ìyá ọkọ mi, wọ́n pè mí lórí fóònù. "Kí lo fún mi pa?"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ó tún ń ta yín?"

"Kò ta mí! Ọwọ́ mi ti ń rọ̀. Àmọ́ gbogbo ọjà ló ń kí mi kú ewu ọmọ!"

Àdí! Òun la fi ń pa ìkókó lára. Kò sí abiyamọ tí kò mọ òórùn rẹ̀. Mo sáré dé Ìlàjẹ. Ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wọn ń fi wọ́n ṣẹ̀sín: "Ìyá ìkókó, ọjọ́ wo là ń sọmọ lórúkọ?"

"Bàbá ọmọ ti wà ní sàréè láti ọdún mẹ́jọ," ni ìyá ọkọ mi dáhùn. "Ẹ lọ bi wọ́n!"

Oníbàárà kan kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹja símú, ó dá a padà. "Màmá, ẹja yín ń rùn bí ọmọ ọwọ́." Ó kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ìyá ọkọ mi fi ọwọ́ pamọ́ sábẹ́ ìró.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí mi. "Nílé wa létí òkun, àgbọn la fi ń para. Kí ló dé tó ò bi mí?"

Èmi tí mo ń fi ìbéèrè jẹun! Mo ti bi gbogbo ènìyàn, àfi ẹni tó ni ọwọ́.

A ò dúró dọjọ́ kejì. A lọ àgbọn, a fún wàrà rẹ̀, a sè é títí òróró fi léfòó. A pò ó mọ́ òrí tuntun. Èmi kọ́ ni mo rò ó. Wọ́n gba ọmọ orógùn lọ́wọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, oníbàárà náà padà dé. Ó gbé epìyà símú. Ó tún gbé e símú.

"Ẹ bá mi ṣe é."

Ìyá ọkọ mi mú ọ̀bẹ. Ipẹ́ ń ta sí aṣọ mi, ó ń ta sí irun mi. Mi ò kúrò níbẹ̀. Wọ́n la ẹja náà tán, wọn ò ju ọ̀bẹ sílẹ̀.