Ilé Gagi Tó Máa Ń Ku Díẹ̀

Ẹ má bínú bí ohùn mi bá ń lọ sókè. Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ, ó sì ń dùn mí.

Tàjúdíìn lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Aago ló ń tún ṣe ní Kofar Rini, ní Sókótó níbí, ó ti tó ogún ọdún. Bí aago rẹ bá ṣì ń fi ìṣẹ́jú kan pẹ́ lọ́sẹ̀, kò ní í dá a padà fún ọ. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ìyẹn. Àmọ́ ilé kì í ṣe aago.

Ọdún kẹrin rèé tí a ti kan òrùlé ilé wa ní Gagi. Yorùbá wo ló ń kan òrùlé tán tí kì í kó wọlé? Bí fèrèsé ò bá tíì sí, wọn á fi páálí dí i, wọn á máa ṣe é díẹ̀díẹ̀. Tàjúdíìn ní rárá. Ìyá rẹ̀ ní láti kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ kí wọ́n ṣàdúrà sí i, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí àbùkù kankan. Ìyá ti lé lọ́gọ́rin ọdún, wọ́n ní àwọn fẹ́ dé ilé ọmọ àwọn kí ọlọ́jọ́ tó dé. Títí ìgbà yẹn, èmi àtàwọn ọmọ mẹ́ta há sínú yàrá kan, ooru ń sè wá bí ẹ̀wà.

Táìlì kan wọ́ ní pálọ̀, kò ju ìbú èékánná lọ, ó ní kí Mamman bíríkìlà hú gbogbo rẹ̀.

"Haba, Alhaji! Ta ló máa rí i?"

"Ìyá mi."

Ọ̀dà ńkọ́? Ó kùn ún ní funfun, ó ní eruku Sókótó ti bà á jẹ́. Ó kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, ó ní ó ń ta sójú. Ìkẹta ni àwọ̀ ewé, torí òun ni Ìyá fẹ́ràn.

Ìyá á pè láti Ògbómọ̀ṣọ́: "Tàjú, ṣé kí n máa bọ̀?"

"Ó ku díẹ̀, Màmá."

Bí mo bá sọ̀rọ̀, á ní, "Bùsírátù, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Èmi á ní, "Ẹ ò tíì mú un rárá, Bàbá Fathiat!"

Ọjọ́ tó ní kí wọ́n tún ògiri gbẹ́, torí súwíìṣì iná kan ò bá èkejì dọ́gba, ọ̀rọ̀ náà sú mi. Mo pe Abdulrasaq àbúrò rẹ̀ pé kó mú Ìyá wá, kó má sọ fún ọkọ mi.

Nígbà tí wọ́n dé Gagi, mo pe ọkọ mi wá láti ṣọ́ọ̀bù. Kò tíì kí Ìyá tán tó fi bẹ̀rẹ̀ àwáwí: "Màmá, ilẹ̀kùn ò tíì sí, sílìn ò tíì—"

Ìyá bọ́ bàtà, wọ́n na ọwọ́ kan ògiri.

"Tàjú, àwọ̀ wo lo kùn ún?"

"Ṣebí ẹ̀ ń wò ó, Màmá."

Abdulrasaq sorí kọ́. "Bọ̀ọ̀dá, ó ti pé ọdún kan tí wọn ò ríran mọ́. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ sọ fún yín, kí ẹ má baà kánjú."

Ọkọ mi jókòó sórí táìlì, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń to èébú jọ dè é. Àmọ́ àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jókòó tì í.

"Àwọ̀ ewé ni, Màmá," ló wí nígbẹ̀yìn.

"O ṣeun, ọmọ mi." Wọ́n ń tọ ògiri lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá tó wà fún wọn, ọwọ́ wọn kan ibi gbágungbàgun tí Mamman gbẹ́ nítorí súwíìṣì.

"Ẹ jọ̀ọ́, a ò tíì rẹ́ ibẹ̀," ni ọkọ mi sáré wí.

"Ibí yìí dáa. Bí mo bá ti kàn án, mo ti dé yàrá mi nìyẹn."

A kó wọlé lọ́jọ́ náà, aṣọ la fi ṣe ilẹ̀kùn. Lọ́sẹ̀ kejì, Mamman gbé símẹ́ǹtì dé. Ọkọ mi sáré dúró níwájú ògiri náà.

"Fi ìyẹn sílẹ̀, Mamman. Ìyá mi ń lò ó."