Ẹ̀bẹ̀ Tí Mo Bẹ̀ Nítorí Páìpù Abẹ́ Ilé

Ṣílè mẹ́jọ ni bàbá mi ra páálí asibẹ́sítọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan lọ́dún tí mo wọ yunifásítì. Ó fi ṣe àjà pálọ̀ wa, ó sì ń pe àwọn èèyàn wọlé wá wò ó. Lónìí, ní Maryland níbi tí mo darúgbó sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni àwọn òṣìṣẹ́ tó wọ aṣọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ ń gbà kí wọ́n tó yọ ohun kan náà kúrò nínú ilé. Owó yẹn ni ọ̀rẹ́ mi kò fẹ́ san, èmi ni mo sì bá a bẹ̀bẹ̀ tí kò fi san án.

Àwa mẹ́ta la jọ gbé yàrá kan ní yunifásítì: èmi, ọ̀rẹ́ mi yìí, àti ẹnì kẹta tó lọ ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe páálí yẹn lẹ́yìn tí a jáde. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà la padà pàdé ní Amẹ́ríkà. Ọ̀rẹ́ mi ra ilé àtijọ́ kan lẹ́bàá New Carrollton. Nígbà tó kó lọ sí Mitchellville, ó fi ilé náà háyà fún tọkọtaya Yorùbá kan tí wọ́n ní ọmọbìnrin méjì. Ọkọ ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ní National Harbor, nọ́ọ̀sì ni ìyàwó.

Nígbà òtútù kan, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná dákẹ́. Ẹni tó wá tún un ṣe rí ohun funfun bí ẹfun tí wọ́n fi wé páìpù yàrá abẹ́ ilé, tó ti ń ya, ó sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ padà sínú àpò. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án. Ìyàwó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì ni, tí eruku rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ó kọ lẹ́tà sí onílé lẹ́ẹ̀mejì, kò rí èsì. Ó wá lọ ka òfin. Ó rí i pé òun lè ké sí àwọn tó ń yẹ ilé wò fún ìjọba kaúntì, pé òun lè bẹ kọ́ọ̀tù kó máa gba owó ilé dání títí onílé yóò fi ṣe ohun tó yẹ, àti pé onílé kò gbọdọ̀ torí ìyẹn lé òun jáde. Bí ọ̀rẹ́ mi ṣe gbọ́ kọ́ọ̀tù, ó pè mí.

"Ìwọ lẹnu ẹ dùn," ó ní. "Bá mi bá ọmọ yẹn sọ̀rọ̀."

Èmi àti alàgbà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa la lọ, lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Ọkọ dọ̀bálẹ̀, ìyàwó kúnlẹ̀, ó gbé omi fún wa, ó sì mú wa sọ̀kalẹ̀ lọ síbi páìpù náà. Ibẹ̀ làwọn ọmọ ti ń ṣeré.

"Ẹ fojú yín wò ó, bàbá."

Mo wò ó, mo rẹ́rìn-ín. "Nǹkan tí bàbá mi fi ṣe àjà nìyí! Mo sùn lábẹ́ ẹ̀, mo kàwé lábẹ́ ẹ̀. Ṣé mo ti kú ni?"

"Òkè ni tiyín wà, bàbá, kò sì ya. Èyí ń ya síbi tí ọmọ mi ń jókòó sí."

"Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì!" ni alàgbà wí. "Ẹ lè wá àìsàn rí lára ẹni tó ń jó."

Àwa ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni ọmọ kékeré sáré wá dì mọ́ ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ dúdú ló wọ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti funfun. Mo rí i. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo rí i, mo sì ń bá ọ̀rọ̀ mi lọ.

Mo ní kí wọ́n má gbé ọmọ Yorùbá bíi tiwọn lọ sí kọ́ọ̀tù òyìnbó. Mo ní onílé yóò tún un ṣe kí oṣù tó parí. Ìyàwó mi orí pé rárá. Ni mo bá ká aṣọ mi sókè, mo tẹ orúnkún kan mọ́lẹ̀, bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un, èmi tí mo tó bàbá tó bí i.

"Háà! Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, sà!" Ọkọ rẹ̀ ti gbá mi mú. "A ti gbọ́! A ti gbọ́!"

Ìyàwó wò mí títí. "Ẹ ti pa mí lẹ́nu mọ́, bàbá," ó ní. Kò lọ sí kọ́ọ̀tù.

Ọ̀rẹ́ mi lẹ téèpù mọ́ páìpù náà, ó sì kùn ún lọ́dà. Ọdún méjì sí i ni wọ́n gbé níbẹ̀ kí wọ́n tó kó jáde.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kẹta wa bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Iṣẹ́ tó ṣe nígbà èwe ni dókítà kọ́kọ́ bi í. Nígbà tí mo lọ kí i, ó gbá àyà rẹ̀, ó ní, "Ó lé lógójì ọdún tó ti ń dúró dè mí níbí." Láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni mo ti wakọ̀ lọ sílé nọ́ọ̀sì náà. Mo fẹ́ dọ̀bálẹ̀, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí.

"Ẹ jókòó, bàbá," ó ní. "Èyí tí ẹ ṣe lọ́jọ́sí ti tó."

"Kí ni kí n wá ṣe?"

"Ẹ ṣáà máa béèrè àwọn ọmọ mi."

Mò ń béèrè wọn. Ẹnì kẹta wa ti kú. Ọ̀rẹ́ mi onílé náà ti kú, ẹ̀jẹ̀ ríru ló pa á. Alàgbà wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Texas, ṣùgbọ́n kò rántí ọjọ́ náà mọ́. Èmi wà. Ọkọ wà, ìyàwó wà, ọmọ wọn àgbà wà. Èyí kékeré náà wà, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo pè wọ́n lánàá.