Ìka Tó Nà sí Mi Lọ́jọ́ Iléyá

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúà ogójì ọjọ́ ìyàwó rẹ̀ tán ni bàbá yìí gun ọ̀kadà wá sílé mi, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Mo ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́. N ò dìde. Mo ní kó jókòó, nítorí àgbàlagbà ni, oòrùn sì ń mú. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi.

A ṣì kéré nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ń bí mi nínú náà ṣẹlẹ̀. Tí Iléyá bá dé, aṣọ kan náà ni bàbá wa máa ń rà fún gbogbo ọmọbìnrin agboolé, télọ̀ kan náà ni yóò rán an. Bí a bá kọ̀yìn, ìyá tó bí wa gan-an máa ń ṣì wá pè. Lọ́dún yẹn, ẹnìkan wọ yàrá ìyáálé, ó jí ẹran tí wọ́n fi pa mọ́ de àlejò. Ọmọkùnrin ilé kejì rí i látẹ̀yìn. Wọ́n ní kó wá fi ẹni náà hàn. Ó wò wá títí, ó na ìka sí mi.

Mo búra, mo sunkún. Ìyáálé fi ata tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ sí mi lójú. Títí dòní, n kì í lè jókòó síbi tí wọ́n bá ti ń lọ ata. Olè-ẹran sì di orúkọ mi.

Nígbà tí a dàgbà, ọmọkùnrin yìí kan náà ló wá ń bá mi sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Mo rò pé ó ti mọ̀ pé òun ṣì mí mú, mo bá gbà. A jọ máa ń ti ọjà Sekona bọ̀, a óò máa rẹ́rìn-ín lọ́nà. Ìyá rẹ̀ ní olè-ẹran ò lè wọ ilé òun. Ọmọ rẹ̀ ò gbèjà mi. Ó lọ fẹ́ ọmọ àbúrò bàbá mi, ọ̀kan nínú àwa tí a jọ ń wọ aṣọ kan náà. Èmi lọ sílé ọkọ ní ìlú Ara. Nígbà tí ọkọ mi kú, mo padà sí Ẹdẹ.

Òun náà ni bàbá tó wá jókòó tì mí níbi ẹ̀gúsí yìí. Ó ní, "Àlàájà, ìyàwó mi ló jẹ ẹran yẹn. Ó fẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi kó tó kú. Ẹ̀yìn ni mo rí. Ẹ̀yin ló yẹ kí n fẹ́."

"Ẹ̀yìn lẹ rí, ojú mi ni wọ́n fi ata sí."

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Nígbà tí ìyá yín ń bú mi ńkọ́? Irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n yín."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹnu yín ò yí padà."

"Wọn ò fi ata sẹ́nu."

Mo ní kó lọ sí agboolé wa, kó sọ lójú gbogbo wọn pé èmi kọ́. Níbi ìsọmọlórúkọ tó kọjá, ọmọdébìnrin kan ṣì pariwo pé, "Ẹ má gbé ẹran sọ́dọ̀ ìyá yẹn o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ jẹ́ ká bo òkú láṣírí," bàbá ní.

"Èmi tí mo wà láàyè ńkọ́?"

Mo bá a pe ọlọ́kadà.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, tí wọ́n kírun tán, mo lọ sí agboolé wa fúnra mi. Bàbá náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo rojọ́ mi, mo ní kó sọ ohun tó sọ fún mi. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀, ó wò mí, ó ní òun ò rántí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

Mo ti dárí ji òkú. Òun tó ṣì ń mí ni n ò tíì dárí jì.