Ó Ku Bọ́tìnnì

Ó-ku-bọ́tìnnì ni gbogbo àdúgbò ń pe télọ̀ yìí, nítorí kò sí oníbàárà tó béèrè aṣọ rẹ̀ tí kò ní gbọ́ pé, "Ó ti tán, ó ku bọ́tìnnì." Bẹ́ẹ̀ sì rèé, sísọ́ọ̀sì lè má tíì kan aṣọ ọ̀hún o!

Nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ dákẹ́ pátápátá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì tó ń gbé òdìkejì títì ló gbé tuntun fún un. Télọ̀ kúnlẹ̀, ó ní òun á máa san án díẹ̀díẹ̀.

"Dìde jàre! Ṣé àjèjì ni mí ni?"

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ohun tí wọn ò jẹ́ kéèyàn san, ọjọ́ wo léèyàn fẹ́ san án tán? Láti ìgbà náà, bí Àǹtí bá gbé aṣọ dé, á kọ́kọ́ fọwọ́ pa ẹ̀rọ lórí, á ní, "Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa?" Ó parí nìyẹn. Aṣọ ẹlòmíràn á sún sẹ́yìn. Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n télọ̀ pè é lórí fóònù pé àìsàn ìyá àwọn ti le sí i, kó tètè máa bọ̀. Ó gbé fóònù fún ìyá.

"Aṣọ búlúù mi ńkọ́?"

"Ó ku bọ́tìnnì, Ìyá mi. Mò ń gbé e bọ̀ lónìí."

Ìyá rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Irọ́ télọ̀! Ìwọ ṣáà máa bọ̀."

Apá aṣọ náà kan ló kù lóòótọ́. Ibi tó ti ń rán an lọ́wọ́ ni Àǹtí wọlé, kọ́tìnnì méjìlá lápá.

"Àlejò mi ń bọ̀ lọ́la. Ṣé ẹ̀rọ wa ń ṣiṣẹ́ dáadáa?"

Ẹ̀rọ wa! Télọ̀ fẹ́ dárúkọ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n kọ́tìnnì ló nawọ́ gbà. "Ó ń ṣiṣẹ́, mà." Ó fa aṣọ búlúù kúrò lábẹ́ abẹ́rẹ́.

Kọ́tìnnì kẹwàá ló ń ṣẹ́ létí nírọ̀lẹ́ tí fóònù tún dún. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ẹkún ló ń sun.

Lọ́jọ́ kejì Àǹtí gbọ́, ó sáré dé. "Há! Kí ló dé tí o ò sọ fún mi? Ṣé àjèjì ni mí ni? Wọ ọkọ̀ mi, dírẹ́bà mi á gbé ọ dọ́hùn-ún."

Télọ̀ lanu láti kọ̀. "Ẹ ṣeun, mà," ló jáde.

Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, ó tẹ́ aṣọ búlúù sórí itan, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Apá méjèèjì ti pé. Lọ́tẹ̀ yìí kò parọ́: ó ku bọ́tìnnì.