Ohun Tó Ń Gbóná Nínú Rọ́bà

Ẹ̀pà síse ni ìyá Àlàbí ń tà nídìí rélùwéè Ọ̀fà, rọ́bà túùbù kẹ̀kẹ́ ló sì fi ń de igbá rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fa rọ́bà náà le, ó fi kan ètè ọmọ rẹ̀. Àlàbí fò sẹ́yìn, ó gbóná!

"Kí ló wà nínú ẹ̀ tó ń gbóná bá a bá ti fà á?" ni ìyá bi í.

Àlàbí gba rọ́bà náà, ó tún un fà wò.

"Ṣebí ìwọ lò ń lọ sílé ìwé. Tó o bá mọ̀ ọ́n, wá sọ fún mi."

Bí Àlàbí ṣe dàgbà di èrò ọkọ̀ ojú omi nìyẹn lọ́dún 1957. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà o, ṣùgbọ́n òtútù Ìlú Ọba dá ọmọ Ọ̀fà mọ́lẹ̀ kó tó na ọwọ́. Ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ nínú yàrá kótópó kan, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí rọ́bà. Ìmọ́lẹ̀ kan wà tí ojú kì í rí, ooru rẹ̀ nìkan lara ń mọ̀. Ẹ̀rọ wọn á tan án gba inú rọ́bà tí wọ́n fà, kálámù á wá máa fa ìlà wọ́gọwọ̀gọ sórí bébà. Ìlà yẹn ló ń sọ bí inú rọ́bà ṣe rí.

Àmọ́ ẹ̀rọ náà lọ́ra, ó kọjá bẹ́ẹ̀! Kí kálámù tó rìn dópin bébà, rọ́bà ti dẹ̀, ohun tí Àlàbí ń wá ti kọjá lọ. "Ọ̀lẹ ni ẹ́!" ni yóò máa pariwo mọ́ ọn. Yorùbá ló fi ń bú u. Ta ló tún kù tí ì bá bá sọ Yorùbá? Ilé tó ń gbé, ìró ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń kí i káàbọ̀. Àárò ìyá rẹ̀ ń sọ ọ́, ó ń ṣe é bí àìsàn.

Ó yẹ kó ti padà sílé lọ́dún 1962. Ọ̀gá rẹ̀ ló ní wọ́n ń ṣe ẹ̀rọ mìíràn lọ́wọ́, èyí tí yóò yá ju èyí lọ. Àlàbí ní kò burú, ó ku díẹ̀. Ọmọ Ọ̀fà èyíkéyìí tó bá ti ilé dé, iṣẹ́ kan náà ló ń jẹ́ fún un: "Ìyá ní kó o má dààmú, gbogbo wọn wà ní àlàáfíà."

Ẹ̀rọ náà dé lọ́dún 1965. Bí wọ́n ṣe ń fa rọ́bà ló ń kà á, kí a tó ṣẹ́jú ó ti parí. Àlàbí wá rí i: okùn tín-ín-tín ló kún inú rọ́bà, wọ́n lọ́ mọ́ra wọn rúdurùdu. Bá a bá fà á, wọ́n á nà, wọ́n á tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ibẹ̀ ni ooru ti ń jáde. "Ìyá mi o!" ló fi bọnu. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n lọ mu tíì.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ó ra rọ́bà tuntun kan sápò, ó wọkọ̀.

Àsíátù àbúrò rẹ̀ àti Bàbá Àjàní, àbúrò bàbá wọn, ló wá pàdé rẹ̀ nídìí rélùwéè. Ojú Àlàbí lọ sí ibi tí ìyá rẹ̀ máa ń jókòó sí. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

"Ìyá dà?"

"Wọ́n lọ sí ìlú Òjòkú," ni Àsíátù wí. "Ẹ jẹ́ ká délé ná, Ẹ̀gbọ́n mi, kẹ́ ẹ jẹun."

Ará àdúgbò kún ilé. Wọ́n kí i, wọ́n sì jókòó, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń bẹ nínú, itọ́ funfun ni wọ́n ń tu. Àsíátù gbé iyán ka iwájú rẹ̀. Ìgbà náà ló yé Àlàbí. Ọmọ ilé ni, ó mọ̀ pé a kì í túfọ̀ fún ẹni tó ti àjò dé tí kò tí ì jẹun. Níwọ̀n ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì wà nínú àwo, kò sẹ́ni tó máa sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ṣì wà ní Òjòkú.

Ó wá ń jẹun díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin tó fi ọ̀pọ̀ ọdún bú ẹ̀rọ pé ó lọ́ra, òkèlè rẹ̀ ò ju hóró ẹ̀pà lọ. Iyán tutù, ó ń jẹ ẹ́. Ó fọwọ́ nu àwo mọ́ tónítóní.

Bàbá Àjàní wúkọ́. "Àlàbí."

"Àsíátù," ni Àlàbí yára wí, kò gbójú sókè, "bù sí i fún mi."

Ẹkún ti gba ojú Àsíátù. "Ẹ̀gbọ́n mi, iyán ti tán."

Ó gbé omi ìṣanwọ́ síwájú rẹ̀. Àlàbí wo omi náà, kò ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.