Ẹja Tí Bàbá Jabez Fi Apá Wọ̀n

Kò sí ẹni tó pẹ́ ní àdúgbò wa ní Sàngó tí kò mọ̀ nípa ọjọ́ Ìsinmi tí Bàbá Jabez jẹ́rìí ẹja tí kò tíì pa. Ó gba máìkì, ó na apá ọ̀tún gbọọrọ níwájú ìjọ, ó sì fi ọwọ́ òsì kan èjìká.

"Ẹ yin Olúwa!"

"Halelúyà!"

"Olúwa fún mi ní ẹja tó gùn tó báyìí! Ìjẹ tí mo fọwọ́ ara mi so ni mo sì fi mú un!"

Ìjọ hó yèè. Pásítọ̀ Johnson na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n ń gbé ẹja bọ̀.

"Ẹja ọ̀hún dà, Bírọ́dà Silas?"

"Ó ṣì wà nínú odò, sà. Ìgbàgbọ́ ni mo fi ń jẹ́rìí."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì yà wá wò ó. Ṣùgbọ́n Bàbá Jabez kò tíì gbé máìkì sílẹ̀. Ó ní tó bá di ọjọ́ ìkórè, òun á gbé ẹja náà wá sí iwájú pẹpẹ, àti pé títí di ọjọ́ yẹn, ẹja kankan kò ní kan ẹnu òun. Ní ìjókòó ẹ̀yìn, Susanna ìyàwó rẹ̀ dorí kodò. Ẹja tútù ni Susanna ń tà, fríísà mẹ́ta ló ní, ìkórè sì ṣì ku oṣù mẹ́jọ.

Silas Oyèbọ́lá ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Ìkìrun ni, ẹ̀rọ tó ń tẹ ike ló ń darí ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Láyé ìgbà yẹn, ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ń bẹ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, yunifásítì ti wọ inú igbó tí wọ́n ti ń pa ọ̀yà tẹ́lẹ̀, gbogbo wa ní Ọ̀tà sì ń kọ́ nǹkan kan. Ẹlòmíràn ń kọ́ kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn ń gba fọ́ọ̀mù kíláàsì ìrọ̀lẹ́. Ní ti Bàbá Jabez, ẹ̀pà ló rà.

Ìwé tí wọ́n fi di ẹ̀pà náà já láti inú ìwé ìròyìn àwọn òyìnbó. Àwòrán ló wà níbẹ̀, tó ń fi bí èèyàn ṣe lè so ìjẹ irọ́ hàn: kí o fi òjé sí ọrùn ìwọ̀, kí o fi ìyẹ́ adìyẹ yí i ká, kí o wá fi òwú dì í títí ẹja á fi rò pé kòkòrò ni. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé ẹ̀pà. Àwòrán kẹrin ló parí sí, torí pé ìwé ti ya níbẹ̀. Ó sáré padà lọ bá ìyá ẹlẹ́pà.

"Ìyá, ta ló ra ẹ̀pà lẹ́yìn mi?"

"Ogún èèyàn ti rà, Bàbá. Ṣé ẹ̀pà lẹ fẹ́ àbí ìwé?"

Bó ṣe di pé òun fúnra rẹ̀ ló wá ìgbésẹ̀ karùn-ún nìyẹn. Ó tọrọ òjé lọ́wọ́ fọkanáísà, ó gba òwú lọ́wọ́ télọ̀, ó sì ń fa ìyẹ́ lára àkùkọ ilé kejì títí àkùkọ náà fi ń sá tó bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀. Tó bá so ìjẹ kan tán, á ṣí ìgò òróró tí wọ́n gbàdúrà sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, á kán an sórí òwú, á fi àtàǹpàkò pa á dáadáa, á sì gbàdúrà lé e lórí.

"Ìgbésẹ̀ karùn-ún nìyẹn," ló sọ fún Nùrẹ́nì ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ìdí ẹ̀rọ kan náà ni òun àti Nùrẹ́nì jọ ń ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni Nùrẹ́nì, kò sì mọ nǹkan kan nípa ẹja pípa, ṣùgbọ́n gbogbo Sátidé ló ń tẹ̀ lé e lọ sí odò Àtùwàrà. Ó ní sinimá lòun ń lọ wò.

Sinimá náà kò yí padà. Bàbá Jabez á ju okùn, á fà á, ìwọ̀ lásán ni yóò jáde.

"Ẹja ti jẹ ẹ́!"

"Ẹja wo? Wo ìyẹ́ ẹ bó ṣe ń lọ sí Èkó."

Tó bá di Mọ́ńdè, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ ròyìn fún gbogbo ilé iṣẹ́. "Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́ kí Nùrẹ́nì tó dé," ló máa ń wí, "èmi mọ̀ ọ́n ṣe jù ú lọ." Òun ló sọ fún wa pé ìwọ̀ kọ́ òun nídìí ṣòkòtò, tí òun sì dúró láti odò dé Sàngó nínú bọ́ọ̀sì tí àyè wà.

"Baba, siddon na, seat dey!" ni kọndọ́kítọ̀ ń pariwo.

"Jẹ́ n dúró, ọmọ mi. Ìdí ni mo fi pẹja lónìí."

Nílé, Susanna á dín ẹja títọ́ọ̀sì, òórùn rẹ̀ á gba gbogbo ilé.

"Bàbá Jabez, ẹ jẹ ìrù lásán. Ta ló máa mọ̀?"

"Gbé e jìnnà, Màmá Jabez. Òórùn ẹ̀ nìkan ti fẹ́ mú mi ṣẹ̀."

Pọ̀nmọ́ ni wọ́n fi ń bọ́ ọkọ ẹlẹ́ja.

Nígbà tí ìkórè ku oṣù kan, wọ́n tẹ ìwé ètò jáde. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: Ẹja Bírọ́dà Silas. Ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ìtìjú rẹ̀ nìkan kọ́ ló ń rò. Ó ń bẹ̀rù pé àwọn èèyàn á fi Ọlọ́run òun ṣẹ̀sín. Kò ròyìn nǹkan kan fún wa ní Mọ́ńdè ọ̀sẹ̀ náà, a ò sì mọ ohun tí a lè fi ẹnu wa ṣe.

Bàbá Ṣótúndé ló gbà á. Ọmọ Ọ̀tà ni baba náà, etí odò yẹn ló ti ń pẹja láti kékeré. Ní Sátidé kan, ó gba ìjẹ lọ́wọ́ Bàbá Jabez, ó fi ìka ra á, ó sì gbé e sí imú.

"Ta ló fi òróró pa òwú yìí?"

"Èmi ni, Bàbá. Mo yà á sí mímọ́ ni."

"Kókó òwú wo ló fẹ́ di nínú òróró tó ń yọ̀? Ṣé o fẹ́ pa ẹja ni, àbí o fẹ́ dín in?"

Nùrẹ́nì ṣubú lulẹ̀ nínú koríko. Bàbá Jabez kò rẹ́rìn-ín. Lójú tirẹ̀, kí òun gbé òróró sílẹ̀ dà bí ìgbà tí òun bá gbé ìgbàgbọ́ sílẹ̀. Ó lọ bá Pásítọ̀ Johnson, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Pásítọ̀ fọwọ́ lé e lórí.

"Bírọ́dà Silas, orí apẹja ni kí ẹ máa ta òróró sí. Ẹ jẹ́ kí òwú gbẹ."

Sátidé tó tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ ń dán, òwú rẹ̀ gbẹ, okùn sì fà. Ẹpìyà kan ni. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.

Lọ́jọ́ ìkórè, kúlà tó tóbi jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù Susanna ló gbé e sí, èèyàn méjì ló bá a gbé e dé iwájú. Ó ṣí i. Ó na apá bó ṣe nà án nígbà yẹn, ó wá ń ká a díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀yin ará, èyí ni ti Olúwa. Ìyókù, tèmi ni."

Susanna ló ra ẹja náà. Ó dín in fún ọkọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ sì jẹ ẹ́ teegunteegun.

Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà ni àìsàn dá Bàbá Jabez dùbúlẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ilé iṣẹ́ dá Nùrẹ́nì dúró, tí kò mọ ibi tó máa kọjú sí. Lórí ibùsùn, Bàbá Jabez so ìjẹ kan, ó ní kí wọ́n fún Nùrẹ́nì. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi jáde láyé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Nùrẹ́nì mú ìjẹ náà lọ sí Àtùwàrà lóun nìkan. Ó jù ú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwọ̀ lásán ló fà jáde, òwú ń fì lára rẹ̀, ìyẹ́ sì ti ń lọ sí Èkó. Ó fọwọ́ kan òwú, òróró ń yọ̀ lára rẹ̀. Ó gbé e sí imú. Ẹ̀rín pa á títí omi fi dà lójú rẹ̀, ló bá gbéra lọ sí ṣọ́ọ̀bù Susanna kí obìnrin náà lè bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wo ohun tí ọkọ yín ṣe! Ó ti gbàgbé ẹ̀kọ́ Bàbá Ṣótúndé!"

Susanna gba ìwọ̀ náà, ó tún dá a padà fún un.

"Kò gbàgbé o, Bọ̀dá Nùrẹ́nì. Èmi ni mo gbé ìgò òróró fún un. Mo ní, 'Bàbá Jabez, kókó ẹ̀ kò ní di o.' Ó ní, 'Mo mọ̀. Nùrẹ́nì lè ra ẹja lọ́wọ́ ẹ. Àdúrà ni mo so fún un.'"

Nùrẹ́nì dúró láàárín fríísà mẹ́ta. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì, tí òróró ṣì wà lára wọn, ó fi wọ́n ra ojú láti iwájú orí dé àgbọ̀n.

"Àmín," ló wí.